Ìbò Kọ́kọ́rọ́ Omi Àdúgbò Wa

Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ló bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ní Adéwọlé ti ń ti ibi ìrun Alásárì bọ̀. Mo rántí pé mo dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó tún fẹ́ sá lọ. Kéègì omi funfun kan ló wà níwájú mi. Èmi fúnra mi ni mo gé ẹnu rẹ̀ kí ìwé ìbò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kànga dẹ̀rọ la fẹ́ yàn. Gbogbo wa la dáwó gbẹ́ ẹ, àmọ́ ọwọ́ onílé kan ni kọ́kọ́rọ́ wà, tó bá sì ti rìnrìn àjò báyìí, a di oníbàárà mẹ́ruwà tó ń ti omi kiri nìyẹn. Àwọn èèyàn ráhùn títí, onílé náà bínú, ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nípàdé. Àwọn àgbà fẹ́ yan ẹlòmíràn láàárín ara wọn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣèlú jáde ní yunifásítì, tí mi ò tíì ríṣẹ́, ni mo dìde tí mo ní rárá o, ẹ jẹ́ ká dìbò ní bòókẹ́lẹ́, kí ìbò onílé má ju ti ayálégbé lọ. Mo kọ ìwé òfin. Ọdún kan ni sáà, ẹni tó bá sì lò ó tán gbọ́dọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń kà á sí wọn létí, ńṣe ni mo dà bí aṣòfin lójú ara mi.

Àwọn méjì ló jáde: Alhaji, ọmọ bíbí Ìlọrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti Màmá Nọ́ọ̀sì, ará Ọ̀mù-Àrán, tó jẹ́ ìyá ìjọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Bí mùsùlùmí bá lọ dìbò fún mùsùlùmí, tí onígbàgbọ́ dìbò fún onígbàgbọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo fi kéègì pín àdúgbò tó ń gbé oúnjẹ Iléyá àti ti Kérésì fún ara wọn.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu géètì wa kò jẹ́ kí n sinmi. "Púrọ̀," ló máa ń pè mí, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí ìwé tí mo kà. "Púrọ̀, ṣé kéègì yìí ò jò? Kí ìbò mi má lọ sàn dànù o!"

Nígbà tí gbogbo wọn dìbò tán, mo tú ìbò sórí ẹní níṣojú gbogbo èèyàn. Mo kà á, mo tún un kà. Ọgbọọgba ni. Lójú tèmi, ohun tí mo bẹ̀rù gan-an ló tẹ́ sílẹ̀ yẹn: ìhà méjì, ẹnikẹ́ni ò yẹsẹ̀. Ìwé òfin mi kò sì sọ ohunkóhun nípa ìbò tó bá dọ́gba! Mo ti ń rí i lọ́kàn mi pé ẹ̀rọ omi yóò wà ní títì, wọn yóò sì máa nawọ́ sí mi níbikíbi tí mo bá gbà kọjá.

Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn wo ìwé ìbò. "Àwọn wo ló dìbò fún mi tó báyìí? Wàláhì, mo ti sọ fún ará ilé mi àti gbogbo àwọn tí a jọ ń kírun pé Màmá ni kí wọ́n yàn. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ẹ̀sìn la fi ṣe é."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Yéè! Alhaji! Ẹ̀yin ni mo ní kí àwọn ọmọ ìjọ wa tẹ̀ka fún, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà!"

"Ẹ wá gbọ́ o," télọ̀ pariwo, "wọ́n ń ti ara wọn wọlé!"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rín irú rẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á. Iye tó fẹ́ pa mí láyà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn náà ni iye yẹn ṣì jẹ́, kò dín, kò lé, àmọ́ ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbà á, Màmá."

"Àgbà ni yín, Alhaji, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbà á."

"Èmi kẹ̀? Ẹ má fi ọjọ́ orí yín kún tèmi o!"

Nígbà tó yá, Màmá ní, "Ẹ kì í sí nílé lọ́sàn-án Jímọ̀, èmi náà kì í sí láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Bó ṣe di òfin nìyẹn. A gé kọ́kọ́rọ́ kejì. Màmá ń ṣí omi ní Jímọ̀, Alhaji ń ṣí i lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń pín ọjọ́ tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ ti ń pọnmi, Màmá sì bu omi àkọ́kọ́ dà sí mi lórí.

Sáà wọn ti fẹ́ẹ́ pé báyìí. Omi ò wọ́n wa rí látìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ ní, "Púrọ̀, ìwọ lo kọ òfin ọdún kan yẹn. Fa ìlà lé e lórí, ká máa mu omi wa lọ." Alhaji àti Màmá kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ohun tí mo bá sọ làwọn yóò ṣe.

Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Nítorí ẹni tí kò ní fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà ni mo ṣe kọ òfin yẹn, kì í ṣe nítorí irú àwọn méjì yìí. Bí mo bá fa ìlà lé e nítorí èèyàn rere, kí la ó fi dá ẹni burúkú dúró lọ́jọ́ tó bá dé? Bí mi ò bá sì fà á, ṣé mi ò ti ń fi ìwé ṣáájú àwọn èèyàn tí mo torí wọn kọ ọ́? Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé, mo sì ti fọ kéègì sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n fa ìlà náà ni, àbí kí n gbé kéègì jáde?