Ìwé Ìpè Tó Lọ Tí Kò Dé

Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe pátá ló ṣe.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, tí gbogbo wa ń pọnmi níbi ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mò ń kọ ètò tí àwọn èèyàn ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ayọ̀bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, gbéṣẹ́ fún mi. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ wọlé máa kọ fọ́ọ̀mù lórí sáìtì, kí ètò náà sì máa fi íméèlì ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀: ọ̀kan láti sọ pé fọ́ọ̀mù ti dé, òmíràn láti sọ fún ẹni tí wọ́n bá mú pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ti sú wọn láti máa tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpè yẹn. Mo fi “ẹ kú oríire” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ tí ètò á máa ki orúkọ kálukú bọ̀. Mo kà á sókè létí ara mi, ó dùn mọ́ mi.

Obìnrin tó wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Ọsibítù kékeré kan ládùúgbò wa ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń nulẹ̀, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà nígbà tí nọ́ọ̀sì ò tètè dé kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí, wọn ò sì lè pè é ní agbẹ̀bí. Òfin ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì kò lè wọlé mọ́. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Àǹtí máa pé e. Tí wọn ò bá mú un lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, nígbà tí garawa rẹ̀ ń kún lọ́wọ́.

Mo ti tètè sọ fún un pé nítorí iṣẹ́ tí mò ń bá wọn ṣe, kò yẹ kí n fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ará ilé mi, n kò sì ní yọjú wo orúkọ rẹ̀. Olóòótọ́ ni mí, ṣé ẹ rí i. Ó ní kò burú. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìkòtún, wọ́n bá a kọ fọ́ọ̀mù ní káfè kan tó wà lókè ilé alájà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràńdábáòtù.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ètò mi kì í gba àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oníkáfè ń pe ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń ráhùn pé fọ́ọ̀mù ò wọlé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í pariwo, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ, ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo yọ ìlà kan ṣoṣo tó ń ṣèdíwọ́ yẹn kúrò nínú ètò náà, ìráhùn dópin. Mi ò bi ara mi pé kí ló dé tí èèyàn púpọ̀ fi ń lo àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. Ó yẹ kí n béèrè.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ìwé ìpè. Láàárọ̀, níbi omi, á bi mí bóyá wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Màá ní tí wọ́n bá mú yín, á wá bá yín fúnra rẹ̀. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí kì í gba íméèlì ló ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri bí ọmọ jòjòló, ó ń gbé e lọ ṣájì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lójoojúmọ́ kí iná má bàa tán lára rẹ̀. Mo rí i. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó rò pé inú fóònù yẹn ni ìwé á ti dún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti múra, ó ti wọ bàtà. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Ìkòtún lọ béèrè lọ́wọ́ oníkáfè, torí ọkùnrin náà ti sọ pé kí òun máa padà wá wò ó. Ẹ̀rín pa mí. Mo ṣàlàyé fún un, bí olùkọ́, pé ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Àǹtí. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé wọn ò mú yín nìyẹn.”

Ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé.

Ìwé ìpè ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo ti jókòó wò ó bí ètò ṣe ń rán wọn, tí àmì àwọ̀ ewé ń yọ níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan pé ó ti lọ. Mi ò ka orúkọ. Àmì ni mò ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Ó ní àwọn kan tí wọ́n pè ò yọjú, òun sì ti fi àyè wọn fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé wọn lọ lóòótọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Àmì àwọ̀ ewé ló kún ojú ìwé náà látòkè délẹ̀. Mo wá wo àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ni, lórí ìlà dé ìlà. Mò ń fojú bá a lọ sísàlẹ̀, àfi bí mo ṣe rí orúkọ Àǹtí.

Mo lọ sí Ìkòtún lọ́jọ́ kejì. Oníkáfè náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní àwọn oníbàárà òun ò ní íméèlì, tí òun bá sì ṣí i fún wọn, wọn á ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nítorí náà, àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù lòun ń lò fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá padà wá béèrè, òun á wá orúkọ rẹ̀, òun á sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, abéèrè kì í ṣìnà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wá, wọ́n sì gba tiwọn lọ sí Ayọ̀bọ̀. Ó fi àwọn tó kù hàn mí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ó tẹ ti Àǹtí jáde, ó nà án sí mi, ó wò mí.

“Àwọn tí kò wá yìí, ta ló ní kí wọ́n má wá?”

Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo ká ìwé náà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Àǹtí ka ìwé náà lórí ìdúró, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó bi mí ta ló kọ ọ́, mo ní èmi ni. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló rí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nísàlẹ̀ rẹ̀, pé ó ti kọjá, ó sì jókòó.

Èmi àtòun la jọ lọ sí Ayọ̀bọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ wa, ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Ojú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni. Ó fi bírò tọ́ka sí àmì tó wà níwájú orúkọ Àǹtí.

“Ṣé ìwé yìí lọ, àbí kò lọ?”

Mo mọ ohun tó kù kí n sọ. Kí n sọ̀rọ̀ ìlà tí mo yọ, kí n sọ ohun tí mo wí lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ni mo rò.

“Ó lọ, mà.”

Ó ní ó dun òun, kíláàsì ti kún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọjọ́ ìbí Àǹtí, ó panu mọ́. Àǹtí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

Wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà ibẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn dé ibi tí a ti máa wọkọ̀. Ojú tì mí gan-an. Orí ọ̀nà yẹn ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlà tí mo yọ àti àdírẹ́ẹ̀sì káfè, ohun tí ó yẹ kí n ti sọ nínú ọ́fíìsì. Ó gbọ́ ọ dópin. Kò bú mi. Ó ń wo eruku tó wà lára bàtà rẹ̀.

“Mo ti wọ bàtà lọ́jọ́ yẹn,” ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ dé, a wọlé, a jókòó.