Orí Iṣu Lẹ́nu Odò

Òórùn ẹrẹ̀ ẹnu odò kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Lọ́dún tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba sẹ̀tífíkà ilé-ìwé, òyìnbó Faransé kan tí ìjọba Dàhòmè ní kó wádìí ẹja mú àwa ọmọ ìlú Manigri méjèèjì lọ sí etí òkun, níbi tí odò ti ń pàdé omi iyọ̀. Ó ní tí òjò bá ti dá, ẹnì kan péré ni òun máa gbà síṣẹ́ pátápátá. Èkejì á padà sílé. Mo fẹ́ràn ọ̀rẹ́ mi o, ṣùgbọ́n tí òun àti òyìnbó bá jọ rẹ́rìn-ín, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń bu oúnjẹ mi jẹ lójú mi.

Iṣẹ́ wa ni pé ká la ikùn àwọn ọmọ ẹja pẹlẹbẹ, àwọn tí ojú wọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ká wo ohun tí wọ́n jẹ. Mo bá nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ pé aràn ni. Ọ̀rẹ́ mi lọ wa ẹrẹ̀, ó kó àwọn ẹran inú ìkarahun wá, àwọn tó máa ń na ọ̀fun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láti fi mí. Ṣóńṣó ọ̀fun ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gé, síbẹ̀ wọ́n wà láàyè. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ "aràn" mi: ṣóńṣó ọ̀fun wọn ni, kì í ṣe aràn.

"Bí iṣu tuntun nílé wa ni," ó wí fún òyìnbó. "A máa ń gé iṣu, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè kó tún ta. Ẹja yìí kò pa ẹran náà. Ó ń gé e jẹ, ó ń fi í sílẹ̀ kó tún hù."

Òyìnbó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

Nígbà tí òjò dá, òyìnbó gba ọ̀rẹ́ mi síṣẹ́, mo sì padà sí Manigri pẹ̀lú ẹja pẹlẹbẹ gbígbẹ kan. Bàbá mi yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé ta ló gbá a létí tí ojú rẹ̀ fi sún sápá kan. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un, mo sì ń retí pé yóò bá mi bínú sí òyìnbó.

"Ọmọ yẹn gbọ́n," ló wí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe oko mi ni o ti ń gé iṣu ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ. Ká ní ìwé ló fi jù mí lọ ni, ǹ bá gbà. Ohun tí ọwọ́ èmi náà ti ń ṣe láti kékeré ni.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú Basila tó wà nítòsí báyìí, inú mi sì dùn, tàbí kí n sọ pé mo ń gbìyànjú kó dùn. Tí iṣu bá tó wà, mo máa ń lọ ran bàbá mi lọ́wọ́. Mo ń tú ebè, mo ń gé iṣu, mo ń da ilẹ̀ bo orí rẹ̀, mo sì ń rò pé owú yẹn ti tán nínú mi. Ìgbà náà ni bàbá mi á béèrè àlàáfíà ọ̀rẹ́ mi, n óò sì mọ̀ pé orí owú náà ṣì wà nínú ilẹ̀.