Ọta Tó Há Sínú Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀sẹ̀ tí ẹfọ̀n kan fi ìwo gún àgbẹ̀ kan pa lọ́nà Ojoku ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí yàrá rẹ̀, tó fa ìbọn ráífù rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn.

"Lọ́la tí àwọn ọdẹ bá lọ bá ẹfọ̀n yẹn, ìwọ lo máa yìn ín," ló wí. "Ojú mi ò gbé e mọ́."

Òótọ́ ni. Sójà ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀, ó ti ja ogun dé Bọ́mà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan ni nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Èmi ní tèmi, télọ̀ ni mí nítòsí téṣàn rélùwéè ní Ọ̀fà, àmọ́ mo máa ń bá àwọn ọdẹ jáde bí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Ṣakabùlà ni gbogbo àwọn yòókù ní, bẹ́ẹ̀ ìyẹn á kàn bí ẹfọ̀n nínú ni. Ìbọn ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo wọn ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa méjèèjì lọ sí kòtò yangí lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń dán ìbọn wò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ tánganran kan tó ti lu sórí kùkùté, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ọta àkọ́kọ́ dún dáadáa, abọ́ fò. Mo ki èkejì. Mo fà á. Kò sọ ju "kẹ́" lọ.

Mo fẹ́ gbé ìbọn kúrò léjìká.

"Má mira!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké. "Jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ wà níbi tó wà!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìbọn fi bú gbàmù. Ká ní mo ti yíjú padà ni, àyà rẹ̀ ni ọta náà ìbá bá.

"Lá ìláhà!" Mo gbé ìbọn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ká fi í sílẹ̀, kí lo máa gbé kojú ẹfọ̀n lọ́la? Ki òmíràn."

Mo ki òmíràn. Èyí dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dún bí ìgbà tí arúgbó bá húkọ́. Nínú ìpayà tí mo wà, gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ ni kí n yára yìn òmíràn, kí a sì máa lọ. Mo ti fa irin ìdí ìbọn sẹ́yìn, ìkarahun ọta ti já bọ́, mo ti mú ọta tuntun dání, kí n tó rántí pé ìbọn náà kò ta èjìká mi rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, kò tì mí o."

Ó gba ọta ọwọ́ mi. Ó yọ irin ìdí ìbọn kúrò pátápátá, ó ní kí n yojú wo inú rẹ̀ láti ìdí. Òkùnkùn. Orí ọta ti há sáàárín ọ̀nà. Ká ní mo yìn òmíràn tẹ̀ lé e ni, ìbọn náà ìbá fọ́ mọ́ mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí yangí.

"Ṣé ìbọn ni àbí ọta?"

Mo ní ìbọn ni, pé ó ti gbó. Ó mú ìkarahun tó já bọ́, ó fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ìbọn gún un jinlẹ̀. Ìbọn ṣe tiẹ̀." Ó da àwọn ọta tó kù sílẹ̀, ó ní kí n wò wọ́n. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti yí ọrùn wọn ká, eruku ẹ̀édú sì wà lára wọn.

A fi ọ̀pá irin tí a fi òróró pa ti orí ọta náà jáde, a sì padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi bi ìyàwó rẹ̀ níbi tí àwọn ọta náà wà láti ọjọ́ yìí.

"Àjà ìdáná ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé wọn síbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ ò ní tó?"

Lórí iná, lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ooru àti omi ti ba ẹ̀tù inú wọn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú àpótí aṣọ rẹ̀, ó mú agolo bisikíìtì kan jáde, ọta díẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀, wọ́n ń dán. A padà sí kòtò yangí, a yìn méjì nínú wọn. Méjèèjì dún, méjèèjì ta mí léjìká.

Síbẹ̀, n kò sùn dáadáa. Láàárọ̀, nígbà tí ẹfọ̀n náà gbé orí sókè nínú oko iṣu, tó kọjú sí mi, kì í ṣe ìwo rẹ̀ ni mo ń rò. Ohun tó wà nínú ìbọn ni. Mo fà á. Ó ta mí léjìká gan-an. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó tún fẹ́ dìde, mo ki òmíràn, ìyẹn ló dá a dùbúlẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀mú fa orí àwọn ọta àjà ìdáná yọ, ó da ẹ̀tù wọn sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì ṣáná sí i. Apá kan jó, apá kan kàn ń rú èéfín. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni wí.