Oògùn tí Màmá fi ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ

Nílé wa ní Bantè, àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Bí kò bá sí iṣu, ọṣẹ wà. Bí kò bá sí ọṣẹ, Màmá á wo yàrá yíká títí yóò fi rí nǹkan dì fún un. Mo mọ èyí dáadáa, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó lè kan oògùn.

Ikọ́ ló dá Màmá dùbúlẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Dókítà béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ máa ń lù ségesège, bóyá ó ń lo oògùn mìíràn, bóyá oògùn kankan ti yún un lára rí. Màmá ń dáhùn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Dókítà kọ asitiromisíìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún un, ó ní kó lò ó tán bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, kó má sì fún ẹnikẹ́ni. Mo tún un sọ fún un lọ́nà ilé. Ó ní òun kì í ṣe adití.

Kò pẹ́ tó fi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́ bó ti máa ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo béèrè oògùn tó kù. Láì gbójú sókè, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti Gouka wá kí òun láàárọ̀, ó ń wúkọ́, òun sì fi ìyókù ta á lọ́rẹ. Ṣebí ara òun ti yá.

Inú bí mi. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Gouka, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ń lo oògùn ọkàn. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Asitiromisíìnì lè da irú ọkàn bẹ́ẹ̀ rú, ìdí tí dókítà fi kọ́kọ́ bi Màmá nìyẹn. Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Mo gbé alùpùpù mi jáde, mo ní kí Màmá gùn ún.

Eruku pupa bò wá títí dé Gouka. Màmá ń kùn lẹ́yìn mi pé ta ló gbọ́ ọ rí, kí àbúrò lọ gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n á máa pe òun ní ahun. Mo ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

A bá Ìyá Gouka lágbàlá níbi tí òun àti àwọn ìyàwó ilé ti ń pa kóró kajú. Ó di oògùn náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ń dúró kí oúnjẹ jinná kó tó lò ó. Mo tọrọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ kọ́ lo fún mi,” ó wí. “Ẹni tó fún mi nìkan ló lè gbà á.”

Gbogbo wọn yíjú sí Màmá. Mo mọ ìgbéraga rẹ̀. Màmá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, níwájú àwọn ìyàwó ilé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a padà fún mi. Ó lè ba ọkàn yín jẹ́. Èmi ni mo ṣi í ṣe.”

Ìyá Gouka tú etí aṣọ rẹ̀. Oògùn pé, wọn ò tíì já ọ̀kan nínú rẹ̀. Màmá tọrọ omi, ó gbé ti ọjọ́ náà mì lójú gbogbo wọn, mo sì hó bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fún ní ìsinmi. Lọ́jọ́ náà gan-an la gbé Ìyá Gouka lọ sí ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ó sọ oògùn ọkàn rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní oògùn tó bá a mu.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá gbá mi léjìká.

“Mo ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní nǹkan púpọ̀ láyé,” ó ní. “Èyí tí mo gbà padà lónìí ló tóbi jù.”