Bùnmi Ọjọ́ Méjì

Àǹtí tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀ máa ń fi ìdérí bírò tọ́ka orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, á tún un kà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kà á. Tí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Orúkọ lè jọra, ẹ̀mí ò jọra."

Lọ́jọ́ tí iná sọ, mo da orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè àtàwọn ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀rọ ní mọ́kàndínlógún. Iye èèyàn tó jáde nìyẹn. Mo sọ fáwọn panápaná pé gbogbo wọn ti pé.

Àǹtí kà á lórí ìwé. "Ogún ni! Bùnmi Ọjọ́ méjì ló wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ti sọ wọ́n di ẹnì kan!"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, òrùlé wó.

Àǹtí kò bá mi wí. Ó kàn na ìdérí bírò náà sí mi.