Ojú Breda Lára Àwo Bàbà

Iṣẹ́ dídi ẹrù ni Husainat Ládiípọ̀ ń ṣe ní Damastown, láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin bí ilẹ̀ bí ẹní. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, òjò lé e wọ ilé àwòrán, ibẹ̀ ló ti pàdé ojú obìnrin arúgbó kan. Ayé àtijọ́, kí kámẹ́rà tó gbòde, ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ irin ha ojú náà sára àwo bàbà, wọ́n fi tàdáwà kún ojú ilà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àfi bíi kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Kí oṣù tó parí, Husainat ti wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Breda ló kọ́kọ́ bẹ̀, opó ará Ireland tó ń gbé lókè yàrá wọn nínú ilé gogoro kan ní Ballymun, tó sì máa ń bá a tọ́jú Ikram ọmọ rẹ̀. Ìjọba ti ní àwọn máa wó ilé gogoro náà.

“Ẹ jẹ́ n ya ojú yín, màmá, ká tó pínyà.”

“Ojú mi tó ti hunjọ bí ọ̀dùnkún èṣí? Ó dáa, ìwọ lo máa jìyà ẹ̀.”

Ásíìdì ló yẹ kó jẹ ojú ilà àwo àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Husainat gbàgbé àwo náà sínú rẹ̀, ó pẹ́ jù. Ihò ló kù níbi tó yẹ kí ẹyinjú wà. Ó fi ìtìjú gbé e han Breda. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín.

“Ojú tí ọkọ mi ń rí láràárọ̀ nìyí! Ọmọ mi, tún un ṣe.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò lo ásíìdì mọ́. Abẹ́rẹ́ lásán ló fi ń ha bàbà, Breda á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa sọ ìtàn ìgbà ọmọge rẹ̀. Abẹ́rẹ́ a máa hú etí bàbà sókè, etí yẹn ló ń gba tàdáwà dúró, tí ilà fi ń rí múlọ́múlọ́ bí àrán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sórí bébà kì í pẹ́ tẹ etí náà pẹlẹbẹ, ìwọ̀nba bébà díẹ̀ ló máa ń dáa.

Nígbà tó gbé èyí tó dáa jù dé, Breda fọwọ́ kan àgbọ̀n inú àwòrán náà.

“Ìyá mi nìyí,” ló sọ. “Mi ò mọ̀ pé mo ti jọ ọ́ tó báyìí.”

Ìròyìn tàn káàkiri ilé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wá jókòó, ìyá ìbejì wá, bàbá tí kì í kí ẹnikẹ́ni náà wá. Husainat ha ojú gbogbo wọn kí katakata tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwọn àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, Breda dúró ti tirẹ̀, ó ń dá àwọn èèyàn dúró.

“Ọmọ ìsàlẹ̀ ilé mi ló ṣe é. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Husainat wà lẹ́yìn, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.