Màámá Tó Fi Ẹ̀yìn Rìn Jáde

Òórùn kọfí ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, kọfí dúdú tó ki, tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò kékeré tó ní ọwọ́ gígùn. Camp Springs lókè òkun níbí ni ilé ọ̀hún wà, ó sún mọ́ bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú débi pé bí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá lókè, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Màámá arúgbó kan, ará Àméníà, ni mò ń tọ́jú níbẹ̀. Àìsàn ìgbàgbé ti gba èdè Òyìnbó lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, èdè Àméníà nìkan ló kù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó sì ń gbọ́ ọ kì í sí nílé látàárọ̀ dalẹ́. Màámá á sọ̀rọ̀ títí, á wò mí lójú, á sì mí kanlẹ̀. Nítorí pé ó máa ń fẹ́ rìn lọ, ọmọ rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé kámẹ́rà kan kọ́ sókè pálọ̀ tó ń wò lórí fóònù rẹ̀.

Èmi náà wà ní àhámọ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ló kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Àbúrò mi, yọ híjáàbù yẹn sínú mọ́tò o. Ohun tí àwọn Mùsùlùmí Turkey fi ojú àwọn grandparents wọn rí nígbà tí wọ́n pa wọ́n nípakúpa, wọn ò tíì gbàgbé ẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá mọ̀ pé Mùsùlùmí ni ẹ́, ó máa call agency tó gbà wá síṣẹ́, iṣẹ́ ẹ ti lọ nìyẹn.” Ọkọ mi ò tíì rí ìwé iṣẹ́ gbà nígbà yẹn, èmi nìkan ni gbogbo ilé ń wò. Mo bá ń yọ ìborí mi sínú búùtù ọkọ̀ láràárọ̀. Yàrá ìfọṣọ ni mo ti ń kí ìrun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, bí olè.

Ọ̀rẹ́ mi, sínóò, yìnyín funfun yẹn, wá já bolẹ̀. Ó bo ọkọ̀ mi mọ́lẹ̀, ó dí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò lè jáde nílé tiẹ̀ ní Beltsville, ọmọ màámá náà há síbi iṣẹ́. Ó ku èmi àti màámá. Ẹ̀rù ń ba arúgbó yìí, kò jẹ́ kí n kúrò lójú òun. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ, á máa gbá a, á máa ké. Gbogbo ìrun ọjọ́ àkọ́kọ́ ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Àláásárì fẹ́ kọjá, àyà mi ò gbà á mọ́. Mo wo kámẹ́rà yẹn lókè, ojú rẹ̀ pupa roboto. Mo ṣe àlùwàlá, mo fi ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ borí, nítorí pé ìborí mi wà lábẹ́ sínóò níta, mo sì kọjú sí gábàsì láàárín pálọ̀.

Nígbà tí mo sálámà tán, màámá ti dìde dúró. Ó wò mí pẹ́. Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ mi, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri kọ́ridọ̀. Mo ní ó parí. Ìyá àgbà ń sá fún mi, ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó kó sínóò lójú títì. Ọmọ rẹ̀ wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi na fóònù sí mi. Àwa méjèèjì la wà nínú fídíò náà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.”

Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, “A kì í kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ nínú ìjọ wa. Ẹ̀yìn la fi ń rìn jáde. Ó ti pẹ́ tí màámá mi ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ibi tó wà, ariwo ló máa ń pa, ìdí nìyẹn tá ò fi gbé e lọ mọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé ìyẹn náà, àfi ìgbà tó rí yín tí ẹ ń gbàdúrà.” Ó nu ojú. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa ń gbàdúrà?”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ni mo gbà gbọ́. Mi ò bi ọkùnrin yìí ní nǹkan kan rí, ẹnu ẹlòmíì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo padà síṣẹ́, mo wé ìborí mi wọlé. Màámá wò ó, ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó sì padà sídìí kọfí rẹ̀.

Ó ti kú báyìí, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Àmọ́ mo ṣì máa ń rò ó tí mo bá dúró lórí ẹní ìrun. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jáde níwájú Ọlọ́run. Èmi tí iyè mi pé, inú búùtù ọkọ̀ ni mò ń fi tèmi sí.